Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Kì í Pa Arọ: Bí Ìlú Ṣe Ń Gbára Dì De Àjálù

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí agbègbè Ìkẹjà àti Agége sọ

Bismillahi Rahmani Rahim. Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ayé, tí Ó sì fi ìwọ̀n sí ohun gbogbo. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ń gbé láàárín Ìkẹjà sí Agége. Àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó yí wa ká, láti Ọba Akran dé Agídíngbì, láti Ọgbà dé Ọ̀rẹ́gún. Ojú irin rélùwéè gba ẹ̀gbẹ́ ọjà wa kọjá. Bàálù ń fò lórí òrùlé wa. Táńkà epo ń bá ọkọ̀ akérò du ọ̀nà. Bí òjò bá sì rọ̀ fún wákàtí méjì péré, a ti mọ àdúgbò tí omi yóò yà wọlé. Ẹni tí ó bá ń gbé irú ìlú báyìí gbọ́dọ̀ máa bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí àjálù bá dé lónìí, ta ni ó mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe?

Àwọn baba wa sọ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹ wo ìjìnlẹ̀ òwe yìí. Arọ kò lè sáré. Ohun tí ó gbà á là ni pé ó ti gbọ́ ṣáájú, ó ti mọ ibi tí yóò forí pamọ́ sí, ó sì ti bá ẹni tí yóò gbé e sọ̀rọ̀ kí ogun tó wọ̀lú. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kò gbọ́, tí kò sì mọ ọ̀nà, lè fi eré gbogbo sá bọ́ sẹ́nu ikú. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní ìlú wa níhìn-ín.

ỌJỌ́ TÍ ÌKẸJÀ MÌ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002, iná ràn dé ilé tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè Ìkẹjà. Àwọn bọ́ǹbù tí ó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù léraléra. Fèrèsé fọ́ ní ibi tí ó jìnnà sí bárékè náà. Àfọ́kù irin gbígbóná ń já bọ́ sórí òrùlé àti sí ìgboro. Àwọn ará ìlú kò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan rò pé ogun ni. Àwọn mìíràn rò pé àwọn ológun tún fẹ́ fi ipá gba ìjọba. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tú jáde nílé, kálukú sì ń sá tẹ̀lé ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá lọ síhà Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò dé etí kánáálì Òkè-Afa. Koríko ojú omi ti bo kánáálì náà, ilẹ̀ lásán ni wọ́n sì pè é nínú òkùnkùn. Àwọn tí ó wà níwájú bọ́ sínú omi. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò mọ̀, wọ́n ń tì wọ́n. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó kú sínú omi yẹn, ọmọdé àti obìnrin sì pọ̀ nínú wọn. Ẹgbẹ́ Red Cross sọ pé, lápapọ̀, àwọn tí ó kú nínú àjálù náà kò dín ní 1,000. Ọwọ̀n ìrántí wọn wà ní Òkè-Afa.

Ẹ jẹ́ kí á ronú sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ìkẹjà ni bárékè wà. Ọ̀pọ̀ kìlómítà ni ó wà láàárín rẹ̀ àti Òkè-Afa. Àwọn tí omi gbé lọ wọ̀nyí ti bọ́ lọ́wọ́ bọ́ǹbù kí wọ́n tó kú. Ọ̀nà tí wọn kò mọ̀ ni ó pa wọ́n, àti omi tí koríko fi pamọ́, àti ìròyìn òdodo tí kò tètè dé etí wọn.

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ọ̀gá ológun tí bárékè náà wà lábẹ́ rẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ará ìlú. Ó ṣàlàyé pé ilé ìkóhun-ìjà náà ti gbó, pé àwọn ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n pé ìjàǹbá náà dé kí àwọn aláṣẹ òkè tó ṣe ohun tí ó yẹ. Ẹ̀yin ará mi, wọ́n mọ̀ nípa ewu náà. Iṣẹ́ àtúnṣe wà lójú ọ̀nà nígbà tí iná dé. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí; ìmúrasílẹ̀ tí ó pẹ́ jù, ọgbọọgba ni òun àti àìmúrasílẹ̀.

KÁDÀRÁ KÌ Í ṢE ÀWÁWÍ

Lẹ́yìn irú àjálù báyìí, ọ̀rọ̀ kan máa ń tètè dé ẹnu wa. A ó ní, "Bí Ọlọ́hun ṣe kọ ọ́ nìyẹn." Òtítọ́ ni pé kò sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀rọ̀ yìí bo àìbìkítà mọ́lẹ̀, a ti purọ́ mọ́ kádàrá.

Sayyidina Umar ọmọ Khattab, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáàmù nígbà tí ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ibẹ̀. Ó bá àwọn àgbà Sàhábà jíròrò, ó sì darí àwọn ènìyàn rẹ̀ padà. Nígbà tí Abu Ubayda bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún, èsì rẹ̀ ni pé inú kádàrá Ọlọ́hun kan ni àwọn ti ń sá bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun mìíràn. Nígbà tí ilé kan jó lóru ní Madina mọ́ àwọn onílé lórí, Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa pa iná kí wọ́n tó sùn. Ànọ́bì Yusuf pẹ̀lú, nígbà tí Ọlọ́hun fi mọ̀ ọ́n pé ìyàn ọdún 7 ń bọ̀, inú ọdún 7 tí oúnjẹ pọ̀ ni ó ti gbé ètò kalẹ̀, tí a kó ọkà pamọ́ sínú ṣírí rẹ̀. Kò dúró de ìgbà tí ebi bá dé.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń múra sílẹ̀ de àjálù kò bá Ọlọ́hun jà. Ọgbọ́n tí Ọlọ́hun fún un ni ó ń lò.

OHUN MÁRÙN-ÚN TÍ ÌLÚ TÍ Ó GBỌ́N Ń ṢE

Èkínní ni pé kí ìlú mọ ibi tí ewu wà. Kí ó mọ ibi tí a kó epo sí, ibi tí a kó kẹ́míkà sí, ibi tí páìpù epo gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀, ibi tí àgbàrá máa ń gbà, àti ilé tí ó ti sán tí ó fẹ́ wó. Kí a yà á sórí àwòrán ilẹ̀, kí a sọ fún àwọn tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a sì fi àlàfo sáàárín ewu àti ibùgbé ènìyàn. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá agbègbè ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, ibi ọ̀tọ̀ ni a yà sí fún ẹ̀rọ. Nígbà tí ó yá, ilé gbígbé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé-ẹ̀kọ́ wọ àárín rẹ̀, bí ìlú ṣe dàgbà yí bárékè náà ká. Ní 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, páìpù epo tí àwọn olè dá lu gbiná ní Abúlé Ẹ̀gbá, nítòsí Agége. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn jóná, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó wá gbọ́n epo. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí afẹ́fẹ́ epo bẹntiróòlù lè ṣe kò ní gbé kẹ́ẹ̀gì súnmọ́ ọn.

Ìkejì ni pé kí ìlú mú ewu kúrò ní ọ̀nà ènìyàn, kí ó má fi gbogbo rẹ̀ lé ìṣọ́ra lọ́wọ́. Ẹni tí ó ń ṣọ́ra lónìí lè gbàgbé lọ́la. Ní 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì tí ó kó òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó níbi tí títì ti ré ojú irin kọjá ní PWD, Ṣógúnlẹ̀. Ó kéré tán, ẹ̀mí mẹ́fà ni ó bá a lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fara pa. Nígbà tí ìjọba ń ṣe ọ̀nà rélùwéè tuntun tí a ń pè ní Red Line, èyí tí a ṣí ní 29 oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n kọ́ afárá gba orí ojú irin ní Ìkẹjà, Mushin, Yábàá àti Oyíngbò. Níbi tí irú afárá bẹ́ẹ̀ bá wà, mọ́tò àti rélùwéè kò ní ibi tí wọn yóò ti pàdé mọ́. Bí awakọ̀ tilẹ̀ ṣe wèrè, rélùwéè kò ní pa á. Irú iṣẹ́ yìí ni à ń pè ní ètò.

Ìkẹta ni ọ̀nà: ọ̀nà tí ènìyàn yóò gbà sá jáde, àti ọ̀nà tí olùrànlọ́wọ́ yóò gbà wọlé. Ní 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012, bàálù Dana Air já lulẹ̀ sáàárín ilé ní Ijù-Ìṣàgá. Gbogbo ènìyàn 153 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú, pẹ̀lú àwọn tí ó wà nílẹ̀. Omi tán lọ́wọ́ àwọn panápaná. Wọ́n ní láti lo ọkọ̀ omi àwọn aládàáni, àwọn ọkọ̀ náà kò sì rọ́nà gbà nítorí pé títì tóóró, èrò sì ti kún un. A kò lè sọ pé ẹnikẹ́ni ìbá yè nínú bàálù náà bí ọ̀nà bá là. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iná ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ṣẹlẹ̀ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè pín òkú níyà sí alààyè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn kàn yín. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ọdún kan náà tí bárékè jó, iná sọ ní ilé-iṣẹ́ onírọ́bà kan ní Ikòròdú. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kú sínú rẹ̀ nítorí pé a ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ sì ti sọ ọ́ kedere pé, níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá wà nínú ilé, a kò gbọdọ̀ ti ìlẹ̀kùn ní ọ̀nà tí ẹni tí ó wà nínú kò fi ní lè ṣí i kíákíá. Ẹ̀rù olè kì í ṣe ìdí tí a fi ń sọ ènìyàn di ẹran àgọ́.

Ìkẹrin ni ọ̀nà omi. Ní 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìlú Ìbàdàn, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 200. Odò náà ti kìlọ̀ ṣáájú: ó ti ya ní ọdún 1960, ní 1963 àti ní 1978. A kọ́lé sí etí rẹ̀, a da pàǹtírí sí inú rẹ̀, a sì ń yà á lẹ́nu nígbà tí ó wá gba ọ̀nà rẹ̀ padà. Ní 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ìkún omi mìíràn tún pa ènìyàn tí ó lé ní 100 ní Ìbàdàn kan náà. Lẹ́yìn èyí ni a tó rí ètò ńlá kan tí Báńkì Àgbáyé yá ni lówó fún, ní ọdún 2014, láti gbẹ́ odò, láti tún afárá kọ́ àti láti mọ ibi tí omi yóò dé kí ó tó dé. Bí a bá wo gọ́tà wa ní Agége, ṣé ohun tí ó pa ará Ìbàdàn kò sí nínú rẹ̀? Ọ̀rá, ike omi àti ìdọ̀tí ọjà ni ó kún un, ṣọ́ọ̀bù sì jókòó lé e lórí.

Ìkarùn-ún ni ìkìlọ̀ tí ó tètè dé, àti ènìyàn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Lórí èyí, ẹ jẹ́ kí a wo orílẹ̀-èdè Bangladesh, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀ jù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ sì jẹ́ tálákà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1970, ìjì líle láti ojú òkun pa ènìyàn tí kò dín ní 300,000 níbẹ̀. Láti ọdún 1972 ni Red Cross àti ìjọba wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún wọn ní rédíò àti gbohùngbohùn, wọ́n kọ́ ilé gíga tí ènìyàn lè sá sí, wọ́n sì ń ṣe ìdánrawò lọ́dọọdún. Bí ìkìlọ̀ bá dé, àwọn ọ̀dọ́ yóò máa ti ilé dé ilé, mọ́ṣáláṣí náà yóò sì kéde rẹ̀ láti orí gbohùngbohùn rẹ̀. Ní ọdún 2007, ìjì ńlá mìíràn dé. Àwọn tí ó kú jẹ́ bí 3,400. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, wọ́n kó ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì kúrò lójú ewu kí ìjì tó dé. Àwọn tí ó kú ní Bangladesh kò tó 50. Òkun kan náà ni, afẹ́fẹ́ kan náà ni. Àwọn ènìyàn ni ó yí padà. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ti lé ní 70,000, lọ́kùnrin àti lóbìnrin.

OHUN TÍ Ó KÙ SÍ ỌWỌ́ WA

Ìjọba ní iṣẹ́ tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ dákẹ́ títí yóò fi ṣe é. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2008 ni ó gbé àjọ LASEMA kalẹ̀ fún ọ̀ràn pàjáwìrì. Nọ́ńbà 112 àti 767 wà tí ẹnikẹ́ni lè pè. Àjọ NiMet sì ń sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún bí òjò ọdún náà yóò ṣe rí. Ṣùgbọ́n àjọ náà kò lè mọ̀ pé ìyá àgbà kan tí kò lè rìn ń gbé yàrá ẹ̀yìn ní òpópónà yín. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, mo fi iṣẹ́ díẹ̀ lé yín lọ́wọ́.

Kí àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan rin àdúgbò wọn já kí òjò oṣù Kẹfà tó dé. Kí wọ́n kọ ibi tí gọ́tà ti dí sílẹ̀, ibi tí a ń ta epo nínú ilé gbígbé, àti ọ̀nà tí a fi géètì tì pa. Kí wọ́n gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n sì máa padà lọ béèrè.

Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn arúgbó, aláìsàn àti aláàbọ̀ ara sílẹ̀, kí a sì yan ẹni méjì ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí yóò gbé e jáde bí iná tàbí omi bá dé. Arọ inú òwe wa kò lè gbọ́n títí kí ó gbé ara rẹ̀.

Kí a yan ibi tí gbogbo ará àdúgbò yóò pàdé sí lọ́jọ́ pàjáwìrì, ibi gíga tí omi kò dé, kí a sì fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà ibẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kò bá mọ̀ lọ́jọ́ àlàáfíà, kò ní mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ ìdágìrì.

Kí gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí di ohun tí a fi ń kéde ewu pẹ̀lú. Kí ẹni kan ṣoṣo tí a yàn máa sọ̀rọ̀, kí ó sì jẹ́ ohun tí ó dá a lójú ni yóò sọ, nítorí pé irọ́ pípa lọ́jọ́ ìbẹ̀rù a máa pa ènìyàn bí ọfà.

Èyí tí ó kẹ́yìn lè má dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Ní ọjọ́ Jímọ̀, sáàfù wa máa ń kún títì láti etí kan dé èkejì. Bí ilé bá ń jó ní ìsàlẹ̀ òpópónà ní àkókò yẹn, ibo ni ọkọ̀ panápaná yóò gbà? Kí a fi ọ̀nà kan sílẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá lè gbà, kí àwọn ọ̀dọ́ méjì dúró ṣọ́ ọ, kí wọ́n sì máa gba ara wọn láàyè ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Mímú ohun tí ń ni ènìyàn lára kúrò lọ́nà wà nínú ìgbàgbọ́. Kò yẹ kí àwa olùkírun wá di ohun náà fúnra wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ni a kò tíì bí ní ọdún 2002. Ẹ lọ sí Òkè-Afa ní ọjọ́ kan, kí ẹ wo kánáálì náà ní ojú ọ̀sán. Ẹ ó rí i pé ẹni tí ó bá ti mọ̀ pé omi wà níbẹ̀ yóò yà fún un. Ìmọ̀ kékeré yẹn ni ó wọ́n àwọn tí ó sáré wá síbẹ̀ lóru. A kò mọ ọjọ́ tí ewu mìíràn yóò dé ìlú wa, ṣùgbọ́n a mọ ibi tí ó lè gbà wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òpópónà yín, ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Kí Ọlọ́hun ṣàánú àwọn tí ó ti kú nínú àwọn àjálù wọ̀nyí, kí Ó tu àwọn ẹbí wọn nínú, kí Ó fún àwọn aláṣẹ wa ní ẹ̀rù Rẹ̀, kí Ó sì fún àwa náà ní ọgbọ́n àti okun láti ṣe ohun tí ó yẹ kí ọ̀nà tó dí. Amin.